Ẹ̀rín Tí Kò Nílò Ògbufọ̀: Láti Ọ̀dọ̀ Eléégún Aláré Dé Ọ̀dọ̀ Charlie Chaplin àti Bàbá Sàlá

Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1826, àwọn eléégún aláré ṣeré ní Ọ̀yọ́-Ilé níwájú Aláàfin àti àlejò òyìnbó kan. Hugh Clapperton ni orúkọ àlejò náà. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni, ó sì ń gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Sókótó. Ó ṣàpèjúwe eré náà nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni eré náà ní. Ní ìpele àkọ́kọ́, àwọn òṣèré tí wọ́n wà nínú àpò jó, wọ́n sì ta òkìtì. Ní ìpele kejì, erè ńlá kan yọ jáde láti inú àpò. Ìpele kẹta ni ó kan àlejò náà gan-an. Ẹ̀dá kan yọ, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó rù kan eegun, òtútù sì ń mú un tí ó fi ń gbọ̀n rìrì. Ó ń ṣe bí ẹni tí ń fín aṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ lásán rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń sọ fún Clapperton pé kí ó wò ó dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí Clapperton kọ nípa ìpele kẹta yìí, kò sí ibi tí ẹ̀dá funfun náà ti la ẹnu sọ̀rọ̀. Ara ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá fi lè jókòó láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́, kí ó mọ ibi tí ẹ̀rín wà, kí ó sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó. Ó kù ọdún 69 kí ẹnikẹ́ni tó fi sinimá han àwọn ènìyàn ní ìlú Paris.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń rò pé àwàdà tí a fi ara ṣe, irú èyí tí ènìyàn ń ṣubú, tí wọ́n ń lé e, tí ó ń forí sọ ògiri, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí òyìnbó ní tí àwa kò ní nígbà náà ni ẹ̀rọ tí ó lè gba ìrìn ẹsẹ̀ aláwàdà sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yìí ni ó jẹ mí lógún jù nínú àròkọ yìí, n ó sì padà sí i.

Àwọn òyìnbó ní orúkọ kan fún irú àwàdà yìí, slapstick ni wọ́n ń pè é. Pátákó pẹlẹbẹ méjì tí a so pọ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn aláwàdà ilẹ̀ Ítálì àtijọ́ máa ń fi í na ara wọn lórí ìtàgé; ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì kan, àwọn Lumière, fi sinimá han àwọn tí ó sanwó wọlé ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1895, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù kéékèèké náà jẹ́ àwàdà. Ọkùnrin kan ń bomi rin ọgbà, ọmọdékùnrin kan wá tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, omi dá. Ọkùnrin náà gbé ẹnu rọ́bà sójú láti wò ó, ọmọ náà gbẹ́sẹ̀ kúrò, omi sì tú sí i lójú. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí ó bá ti pọn omi ní ẹ̀rọ rí ní Ìtòrí tàbí ní Pápálańtò kò nílò àlàyé kankan lórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà títí di òpin àwọn ọdún 1920, sinimá kò ní ohùn. Bí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan, wọn a kọ ọ́ sára aṣọ sinimá, ẹnìkan a sì máa tẹ dùùrù nínú gbọ̀ngàn. Àwọn mẹ́ta ni orúkọ wọn kò parẹ́ nínú àwọn aláwàdà ìgbà náà. Charlie Chaplin, ọmọ tálákà tí wọ́n bí ní ìlú London ní 1889, dá ẹ̀dá alárìnkiri sílẹ̀ ní 1914: kóòtù fífún, ṣòkòtò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, bàtà tí ó tóbi jù, ọ̀pá ìtìlẹ̀. Buster Keaton ni èkejì. Inú ẹgbẹ́ òṣèré àwọn òbí rẹ̀ ni ó dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń jù ú káàkiri ìtàgé nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ọmọ ilé Òjẹ̀ ṣe ń kọ́ òkìtì láti kékeré kò ní yà á lẹ́nu pé Keaton mọ bí a ti ń ṣubú. Ní 1928 ó dúró síbi kan, iwájú ilé kan wó lù ú, ihò fèrèsé sì bọ́ sí ibi tí ó dúró sí gẹ́lẹ́. Ògiri gidi ni. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ikú ni. Ẹ̀kẹta ni Harold Lloyd, tí ó ń wọ férémù awò ojú tí kò ní gíláàsì, tí ó sì rọ̀ mọ́ ọwọ́ aago ńlá lára ilé gíga nínú fíìmù 1923. Ìka méjì ni kò sí ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà náà, nítorí ohun kan tí wọ́n rò pé bọ́ǹbù eré lásán ni bú gbàù lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1919. Ìbọ̀wọ́ ni ó fi bò ó.

Nígbà wo ni irú nǹkan báyìí dé ọ̀dọ̀ wa? Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han ní Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover. Herbert Macaulay ni ó ṣe ètò bí ẹgbẹ́ Balboa láti ilẹ̀ Spéènì ṣe wá. Ọdún méjì ṣáájú èyí ni rélùwéè tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá ti dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n sinimá kò tètè dé ìgbèríko bí rélùwéè.

Ohun tí ó gbé e dé ìgbèríko ni ètò ìlera. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kan tí ń jẹ́ William Sellers, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí fi fíìmù kọ́ àwọn ènìyàn nípa àìsàn. Ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní London fún fíìmù àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì fi Sellers ṣe olórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú wá gẹ́gẹ́ bí olùdarí fíìmù ni George Pearson, àgbà oníṣẹ́ láti ìgbà sinimá aláìfọhùn. Ọkọ̀ a máa gbé ẹ̀rọ kiri, wọn a ta aṣọ funfun ní gbàgede ìlú nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹnìkan tí ó gbọ́ èdè ìlú náà a sì máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣàlàyé ohun tí ń lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn fíìmù náà kò ní ohùn. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ yìí sọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù tí ó ń sọ̀rọ̀ dé ní 1927, ìgbà aláìfọhùn sì parí láàárín ọdún díẹ̀. Ní àwọn ìlú wa, àwọn ènìyàn ṣì ń wo sinimá aláìfọhùn ní àwọn ọdún 1940. Àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń bá gbé nílé lè jẹ́ ọmọ àwọn tí ó wò ó.

Sellers ní èrò kan nípa wa, èyí tí kò dùn-ún gbọ́. Ó ní aláwọ̀ dúdú tí kò kàwé kò lè lóye fíìmù tí ó bá ń yára, pé kí wọ́n máa ṣe é ní ìrọ̀rùn, kí ohun gbogbo máa lọ ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn fíìmù tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé kiri láti fi fa èrò mọ́ra ni ti Charlie Chaplin wà, èyí tí ó ń yára bí iná ọyẹ́. Àwọn ènìyàn rí i, ó yé wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ń wo eléégún aláré tí ó ń paradà lójú agbo láti ọ̀bọ sí ọ̀nì kò lè ní ìṣòro pẹ̀lú Charlie.

Ìbẹ̀rù mìíràn tún wà lọ́kàn àwọn amúnisìn ní oríṣiríṣi ibi ní Áfíríkà. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọmọ ìlú bá rí òyìnbó tí ń hùwà òmùgọ̀ nínú sinimá, ọ̀wọ̀ òyìnbó yóò dínkù. Ẹ sì wo ohun tí Chaplin ń ṣe nínú fíìmù rẹ̀: ó ń ta ọlọ́pàá ní ìpá ní ìdí, ó ń yọ ọwọ́ nínú àpò olówó, ó ń sá gba ẹsẹ̀ ọ̀gá kọjá. Òtòṣì ni ó ń borí. Ẹni tí kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níwájú aláṣẹ ni ó jù ú sílẹ̀. Ohun tí eléégún aláré ṣe sí Clapperton ní 1826 kò jìnnà sí èyí. Bákan náà ni wọ́n ń fi pàǹṣágà, ọ̀mùtí àti jagunjagun Ìdàhọ̀mì ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo. Ẹ̀fẹ̀ Ìdàhọ̀mì yìí yóò sì dùn mọ́ àwọn Ẹ̀gbá tí ogun Dàhòmì kọlu ìlú wọn ní 1851 àti 1864.

Ní Gold Coast, tí ó di Ghana, àwọn òṣèré kò dúró lórí wíwò nìkan. Ishmael Johnson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀dá aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Bob jáde ní 1930, Bob sì di orúkọ fún aláwàdà orí ìtàgé níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ó gbé gbogbo rẹ̀ papọ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Olórin ni tẹ́lẹ̀. Inú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá kí ó tó dá dúró. Ní àwọn ọdún 1960 ó yí sí àwàdà, ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sì gbé e wọ ilé àwọn ènìyàn. Kí ó tó la ẹnu ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí táì onílabalábá ńlá náà, awò ojú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ojú, àti aago orí tábìlì tí ó gbé kọ́ ara bí ẹni pé aago ọwọ́ ni. Harold Lloyd rọ̀ mọ́ aago, Bàbá Sàlá sì mú kí aago rọ̀ mọ́ òun. Èmi kò sọ pé ó wò ó lára Lloyd o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn méjèèjì mọ ohun kan náà: pé aṣọ tí kò báramu ti sọ ìtàn ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Bàtà Chaplin tóbi jù nítorí pé kì í ṣe tirẹ̀. Táì Bàbá Sàlá tóbi jù nítorí pé ahun tí ń ṣe bí ọ̀tọ̀kùlú ni, kò mọ ìwọ̀n.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ewékorò wo méjèèjì lẹ́yìn ìdánwò, lórí ògiri kíláàsì tí a fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò. Mo kọ́kọ́ fi apá kan nínú fíìmù Chaplin ti 1925 hàn wọ́n, níbi tí ebi ti pa á nínú yìnyín tí ó fi se bàtà rẹ̀ jẹ. Ó ń ká okùn bàtà bí ẹni tí ń ká ìrẹsì alókùn, ó ń fá ìṣó bí ẹni tí ń fá eegun adìyẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ebi ń pa ẹni yìí lóòótọ́ nígbà kan rí ni?” Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tí ó gbé nínú ilé àwọn aláìní ní London ni. Bàtà inú fíìmù náà ni a fi ohun dídùn bíi suwíìtì ṣe, ṣùgbọ́n ebi tí ó ń fi ṣàpẹẹrẹ kì í ṣe àròsọ. Kíláàsì dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo fi Bàbá Sàlá sí i, àwòrán rẹ̀ ti ṣú, ohùn rẹ̀ sì ń já. Ibi tí ohùn ti já gan-an ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín jù.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí léèrè pé kí ni olùkọ́ Yorùbá ń wá nínú eré tí kò ní ọ̀rọ̀, nígbà tí èdè wa kún fún ẹ̀fẹ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àti àsọrégèé. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ẹ̀fẹ̀ ọ̀rọ̀ máa ń gbó. Ẹ̀fẹ̀ tí ẹnìkan bá dá ní 1975 lórí owó Údójì, àlàyé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni n ó kọ́kọ́ ṣe kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mọ ibi tí ẹ̀rín wà, ẹ̀rín náà yóò sì ti kú. Ẹni tí ó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò nílò àlàyé. Chaplin mọ èyí. Nígbà tí gbogbo fíìmù ti ń sọ̀rọ̀, ó ṣì ṣe fíìmù aláìfọhùn ní 1931. Nínú ti 1936 ni a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn alárìnkiri náà, orin ni ó sì kọ, ní èdè tí kì í ṣe èdè kankan. Ọwọ́ àti ojú rẹ̀ sọ ìtàn orin náà tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ìṣe nínú eré oníṣe.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Àwọn eléégún aláré a máa fi arọ àti dìdìnrìn ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn òyìnbó ìgbà náà a máa fi èédú kun ojú láti fi aláwọ̀ dúdú ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì wà nínú fíìmù àwàdà wọn. Mo máa ń fò ó bí mo bá ń fi hàn ní kíláàsì kékeré. Ní SS3, mo máa ń fi sílẹ̀ kí wọ́n rí i, kí a sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ̀rín tí ó ń bá alágbára wí àti ẹ̀rín tí ó ń tẹ aláìlera mọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan.

Pé irú àwàdà yìí kò tíì kú, ẹ wo Khaby Lame, ọmọ Senegal tí ó dàgbà ní Ítálì. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2020, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fídíò níbi tí kò ti ń sọ ohunkóhun, tí ó kàn ń na ọwọ́ méjèèjì, tí ó sì ń wò wá lójú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, òun ni ẹni tí èrò ń tẹ̀lé jù lọ ní gbogbo ayé lórí TikTok. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ ọ́n ju gómìnà lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ní 2013, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí fíìmù gígùn aláìfọhùn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000. Ìdá 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù bí wọ́n ṣe ṣe é. Púpọ̀ jù lọ ti jóná, tàbí ó ti jẹrà, tàbí wọ́n dà á nù nígbà tí wọn kò rí owó mọ́ nínú rẹ̀. Ti Chaplin kò sọnù bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun ni ó ni àwọn fíìmù ńlá rẹ̀, ó sì ń tún wọn gbé jáde. Fíìmù bàtà yẹn, ó tún gbé e jáde ní 1942 pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀. A ń sọ pé àwàdà wọn kò kú, ṣùgbọ́n èyí tí ẹnìkan tọ́jú nìkan ni a rí tí a ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Bàbá Sàlá ní fíìmù tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1982 ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Àwọn olè da fíìmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ṣe é sì wọ gbèsè. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àdánù náà kò tán lára rẹ̀. Ó kú ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Àwọn ènìyàn kọ̀wé ìyìn fún un ní gbogbo ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni àwòrán tí ó ṣú àti ohùn tí ó ń já. Èyí kò yẹ ọmọlúàbí ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Fíìmù Shaihu Umar tí a ṣe ní èdè Haúsá ní 1976, tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti sọnù, wọ́n rí i ní Jos, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018, ọdún kan náà tí Bàbá Sàlá kú.

Ilé ìwé wa kò ní ẹ̀rọ tí ó lè tún fíìmù ṣe. Fóònù ni àwọn ọmọ ní. Ní ọlidé tí ó kọjá, mo ní kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè nípa aláwàdà tàbí eégún tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ní èwe. Mo ní kí wọ́n má ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìkan, kí wọ́n ní kí àgbà náà fi ara ṣe é, kí wọ́n sì fi fóònù gbà á sílẹ̀. Fídíò mọ́kànlá ni wọ́n mú wá. Nínú ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Pápálańtò, màmá àgbà kan dìde lórí àpótí, ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ọrùn bíi táì, ó gbé ìkòkò kékeré kan sí ọwọ́ dípò aago, ó sì rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún gba iwájú kámẹ́rà kọjá. Kò tíì dé ibi tí ó ń lọ tí ẹ̀rín fi mú òun fúnra rẹ̀, ó sì di ògiri mú. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ni fídíò náà. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti orúkọ ìlú.